Àgékù Tí Mi Ò Dá Padà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó tán nínú mi. Ó di ọdún méje tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Mo ti jẹun lé e lórí, mo ti sùn lé e lórí, mo ti rẹ́rìn-ín bò ó mọ́lẹ̀ níwájú oníbàárà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú báńdéèjì kúrò lójú mi ni kò ti jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Èmi ni Kedere, oní-fídíò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àwo fídíò nílé, tí sítíkà wúrà roboto sì wà lára páálí rẹ̀, òun gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lè sáré tó ogún ọdún. Mo dúpẹ́ pé ó bá mi nígbà tí mo ṣì wà láàyè, tí àwọn tí mo ṣẹ̀ náà ṣì wà láàyè, tí ojú mi sì ti là débi pé mo lè wo ojú wọn kí n sì bẹ̀ wọ́n.

Mo máa ń gbé kámẹ́rà lọ síbi ìgbéyàwó àti ibi ìsìnkú, ṣùgbọ́n ohun tó sọ mí di ẹni tí wọ́n ń wá láti ọ̀nà jíjìn ni kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí mo ń sọ di àwo. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi: MÚ KÁSẸ́Ẹ̀TÌ RẸ WÁ, GBA HD LỌ. HD yìí, éèṣì-dì tí gbogbo ayé ń pè, àwọn tó mọ ohun tó jẹ́ kò tó nǹkan, èmi tí mo sì mọ̀ ọ́n ni mo fi ń jẹun. Oníbàárà á bi mí pé, "Ọ̀gá Kedere, ṣé ó máa mọ́ bíi ti òde òní?" Èmi á ní, "Á mọ́ jù ú lọ." Irọ́ gbuu. Ìlà tí wọ́n fi ya àwòrán sórí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tí éèṣì-dì ń béèrè. Kọ̀ǹpútà lè fi ìlà kún ìlà títí yóò fi pé iye, àmọ́ ìlà tó fi kún un kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán. Àbá ni kọ̀ǹpútà ń dá. Ẹ bu omi sí ife mílíìkì kan títí yóò fi kún korobá: korobá kún lóòótọ́, mílíìkì ò pọ̀ sí i. Àwọn kan gbà pé bí fídíò bá ti gba àyè púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ló ti dára. Àwọn kan gbà pé bí etí àwòrán bá ti mú ló ti mọ́. Àwọn mìíràn á lọ ra tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, wọn á ní òun ló máa tún àwòrán ṣe. Gbogbo àṣìṣe wọ̀nyí ni mo mọ̀, mi ò sì tún ọ̀kan ṣe fún ẹnikẹ́ni, torí pé àṣìṣe wọn ni ọjà mi. Àmọ́ èyí tó burú jù nínú wọn, èmi gan-an ò tíì mọ̀ ọ́n nígbà náà: ẹni tó bá ti gbà pé àwòrán mọ́, á gbà pé ó pé.

Obìnrin kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa, Màmá Aránṣọ ni gbogbo wa ń pè é. Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tó wé sínú àgékù aṣọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tẹ̀ lé e. Ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Káfíńtà ni bàbá ọmọ yìí. Ọmọ ò tíì pé oṣù méjì tí àìsàn ọjọ́ mẹ́ta fi mú bàbá náà lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ya fídíò náà lọ́jọ́ tí káfíńtà náà ṣí ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, kò sì sí ibòmíràn láyé yìí tí ẹnikẹ́ni ti lè rí ọkùnrin náà kó máa rìn, kó máa sọ̀rọ̀. "Kedere," ni Màmá wí, "wọ́n ní o máa ń fi èdìdì sí i." Mo ní, "Éèṣì-dì ni, Màmá." Ó ní, "Èdìdì náà ni mo wí. Ohun tí wọ́n bá ti fi èdìdì dì, kò sẹ́ni tó lè yí i padà mọ́. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn." Ọmọ rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá yìí fún mi ní ọgbọ́n burúkú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ tẹ sítíkà wúrà roboto tí mo kọ HD sí, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo iṣẹ́ tó bá jáde lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́ tí oníbàárà gbogbo fi ń pè é ní èdìdì. Kò di ohunkóhun.

Mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì. Àwòrán rẹ̀ ṣú díẹ̀, ó sì ń gbọ̀n nísàlẹ̀ bí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣe máa ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dín nínú rẹ̀. Káfíńtà náà dúró níwájú ẹ̀rọ ìlagi tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, àmì dúdú kékeré kan wà lábẹ́ ojú rẹ̀ òsì. Ó gbé ọmọ ìkókó kan sápá, tí wọ́n fi aṣọ wé, tí ẹsẹ̀ kan ti yọ jáde nínú aṣọ náà. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kí ọ̀gá mi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń tètè jí lọ síbi iṣẹ́ báyìí." Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Àmọ́ àwòrán ayé àtijọ́ kì í fẹ̀. Bí ẹ bá fi í sórí tẹlifíṣọ̀n òde òní, dúdú á wà lápá ọ̀tún, dúdú á wà lápá òsì. Oníbàárà kan ti dá iṣẹ́ padà fún mi rí nítorí dúdú yìí. Ó ní éèṣì-dì gbọ́dọ̀ kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni n ó bá ẹni tó fẹ́ sanwó jiyàn. Nítorí náà, mo fẹ àwòrán káfíńtà náà títí ó fi kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo wá gé ohun tó yọ lókè, mo gé ohun tó yọ nísàlẹ̀. Ọmọ náà bá a lọ. Mi ò lè purọ́ pé mi ò rí i. Mo rí ẹsẹ̀ náà tó kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi kọ̀ǹpútà fọ gbogbo èérún kéékèèké tó wà lójú àwòrán kó lè dán, àmì abẹ́ ojú òsì náà sì bá èérún lọ. Mo ní, ta ló máa wá a? Ẹ gbọ́ ìbéèrè òmùgọ̀.

Nígbà tí wọ́n wá gbà á, mo gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ọmọ Màmá sún mọ́ ọn, ó ní, "Bàbá mi mà rẹwà." Màmá ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ń gbàdúrà fún mi, mo sì ń ṣe àmín bí ẹni pé mo ṣe rere. Kí wọ́n tó lọ ni ó yíjú padà. "Àgékù mi ńkọ́?" Mo ní àgékù wo? Ó ní, "Nínú iṣẹ́ tiwa, aránṣọ tó bá gé aṣọ oníbàárà gbọ́dọ̀ dá àgékù padà fún un. Kódà bó jẹ́ tínńtín." Mo ní, "Iṣẹ́ tiwa ò ní àgékù, Màmá. Gbogbo rẹ̀ ló wọ inú àwo. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti gbó, mo ti bá yín dà á nù." Inú dúrọ́ọ̀ mi ló wà. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, á sì rí i pé èyí tí mo gbà lọ́wọ́ wọn sàn ju èyí tí mo fún wọn lọ.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó padà wá. Oníbàárà mẹ́ta jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ọmọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá Kedere, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa parí ìjà kan. Màmá mi ní èmi ni ọ̀gá tí bàbá mi ń kí nínú fídíò yẹn, pé bàbá mi gbé mi dání. Mo ti wò ó tó ìgbà ogún. Ẹ̀rọ ìlagi nìkan ni mo rí." Màmá ní, "Ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo wé ọmọ náà, èmi ni mo rán aṣọ tí mo fi wé e. Ó wà níbẹ̀." Ọmọ ní, "Màmá, ìròyìn ò tó àfojúbà. HD ni. Tó bá wà níbẹ̀, a máa rí i." Kò fi àrífín sọ ọ́ o. Ọmọ tí kò mọ bàbá rẹ̀ ló dúró níwájú mi yẹn, tó ń wá ẹni tí yóò sọ fún un pé bàbá gbé e rí. Ojú èmi àti ìyá rẹ̀ ṣe mẹ́rin. Dúrọ́ọ̀ tí kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ̀yìn tì. Bí mo bá na ọwọ́ sẹ́yìn, mo kàn án. Ṣùgbọ́n oníbàárà mẹ́ta ń wò mí, sítíkà wúrà wà lórí tábìlì, pátákó mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Éèṣì-dì kì í fi nǹkan pamọ́. Ohun tí ò bá sí níbẹ̀, kò sí níbẹ̀. Bóyá ọjọ́ mìíràn ni ẹ ń rántí." Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà tún bá mi gbè é lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ ti pẹ́ ni, Màmá, a máa ń gbàgbé." Màmá Aránṣọ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó sì jáde. Mo ti parọ́ fún oníbàárà púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà. Ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí ni mo jí.

Ọdún ń gorí ọdún, ojú tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní dígí inú ẹyinjú mi ló ti di funfun bíi dígí ilé ìwẹ̀. Ojú gbogbo ènìyàn wá ń dán lójú mi, kò sí ìhunjọ, kò sí àmì, àfi bí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìyàwó mi tó ti hu ewú, bí ọmọge ni mo ṣe ń rí i. Ó ní kí n má wulẹ̀ kánjú lọ síléèwòsàn. Nígbà tí mo wá lọ, nọ́ọ̀sì kan ló fà mí lọ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń ka àtẹ̀gùn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Bó ṣe ń kán oògùn sí mi lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ ni ọ̀gá Kedere? Ẹ̀yin lẹ ṣe fídíò bàbá mi, káfíńtà. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti mọ ojú wọn." Mo bi í pé Màmá ńkọ́. Ó ní, "Wọ́n wà. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ ọmọ tí bàbá mi gbé dání yẹn mọ́. Ṣé ẹ rántí? Wọ́n ti gbà pé àwọn ò rántí dáadáa." Ó rọra nu omi tó ṣàn sí mi létí. Ó rò pé oògùn ni.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọpẹ́ sì ni fún ọwọ́ àwọn tó ṣe é. Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló tú báńdéèjì náà, ojú rẹ̀ sì ni ojú àkọ́kọ́ tí mo rí kedere lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Mo rí irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo rí ibi tí ó ti ń làágùn díẹ̀ níwájú orí. Mo rí àmì dúdú kékeré kan lábẹ́ ojú rẹ̀ òsì, ní ibi tí ti bàbá rẹ̀ wà gan-an. Ọmọ náà ń gbé ojú bàbá rẹ̀ kiri, kò sì mọ̀, torí pé èmi ti fọ̀ ọ́ nù. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ rí?" Mo ní mo rí i dáadáa.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gba ọkọ̀, mo gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré àtijọ́ kan, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, àti kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sílé wọn. Màmá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọmọ ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ọmọ ti ké sí mi: "Ẹ dìde, Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ tẹ̀ ba fún ọ̀sẹ̀ méjì." Ìdúró ni mo wà tí mo fi jẹ́wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, mi ò dín in. Nígbà tí mo parí, ọmọ náà fa okùn áyọ́ọ̀nù yọ, ó lọ dúró síbi fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n pe ìyá mi ní onírọ́. Ọdún méje." Màmá ń wo kásẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Àgékù mi nìyẹn?" Mo ní, "Òun ni, Màmá." Ó ní, "Fi í sínú ẹ̀rọ."

Àwòrán ṣú, ó gbọ̀n, ó sì dúró. Káfíńtà jáde pẹ̀lú ọmọ lápá. "Ẹ kí ọ̀gá mi," ó wí, ó sì fi ìka kan gbá ẹsẹ̀ tó yọ nínú aṣọ mú. Ọmọ kúrò nídìí fèrèsé. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n kékeré náà, ó fi ọwọ́ kan abẹ́ ojú ara rẹ̀ òsì. Ìgbà tó yá, ó fi orí lé itan ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú." Màmá ní, "Ó wà níbẹ̀, àbí kò sí níbẹ̀?" Ó ní, "Ó wà níbẹ̀, Màmá." Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a wò ó. Mo ti wo àwòrán fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, mi ò rí èyí tó mọ́ tó o.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Màmá wá kọjú sí mi. Ó ní, "Nígbà kan, mo gé aṣọ oníbàárà kúrú. Mo sọ fún un pé òun ló sanra sí i. Ó gbà mí gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa ara rẹ̀. Mi ò rí i bẹ̀ títí ó fi kó kúrò ládùúgbò. Ìwọ tilẹ̀ wá. Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó o lẹ èdìdì fún, bó o ṣe lẹ̀ ẹ́ ni kó o ṣí i." Ọmọ rẹ̀ ò tíì sọ pé òun dárí jì mí ní tirẹ̀. Síbẹ̀, ó kán oògùn sí mi lójú kí n tó lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò sì le.

Ìdí rèé tí mo fi kọ èyí. Ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ forí jì mí. Ẹ kó àwo yín wá. Èyí tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹ ó gbà á, n ó sì tún ṣe é bó ṣe wà, láìgba kọ́bọ̀. Èyí tí kò bá sí mọ́, n ó sọ fún yín lójú yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn báyìí, bí oníbàárà bá ní kí ẹ jẹ́ kó dán, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ pàdánù. Bí ìyá àgbà kan bá sì sọ pé nǹkan wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba ìyá náà gbọ́, kí ẹ tó gba ẹ̀rọ gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé àwo tuntun lọ fún wọn. Mi ò fẹ̀ ẹ́, mi ò gé e, mi ò fọ̀ ọ́. Dúdú wà lọ́tùn-ún, dúdú wà lósì. Páálí rẹ̀ ṣófo, kò sí sítíkà lára rẹ̀. Mo bi Màmá pé kí ni kí n kọ sí i. Ó ní kí n gbé bírò fún ọmọ òun. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá: Ó WÀ NÍBẸ̀.